Owó Tí Kì Í Ṣe Tèmi Nínú Àkáǹtì Mi

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá kan kì í dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn, tí yóò fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí yóò sì rọra bi mí pé, "Ìyá Ìbejì, kí ni ẹ sọ fún àwọn òyìnbó tí wọ́n fi fún yín ní físà?" Bí mo bá ní òtítọ́ ni mo sọ fún wọn, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a ní, "Ẹ má fi pamọ́ fún wa, ẹ jọ̀ọ́." Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ bí ó ti rí gan-an, àti apá ibi tí inú mi dùn sí, àti apá ibi tí ojú ń tì mí láti sọ.

Ọkọ mi tí ó ti sùn nínú Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1979 láti kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó lò níbẹ̀. Ìwé ìrìnnà tí ó fi lọ wà lọ́wọ́ mi di òní nínú agolo bísíkíìtì kan. Kò sí físà kankan nínú rẹ̀. Òǹtẹ̀ tí wọ́n lù ú ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow nìkan ni ẹ óò rí. Ní ayé ìgbà yẹn, ọmọ Nàìjíríà tí ó bá fẹ́ lọ kí ènìyàn ní Ìlú Ọba kò nílò físà. Ìgbà tí ó bá gúnlẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè yóò tó bi í ní ohun tí ó wá ṣe. Ọdún 1986 ni ìjọba ilẹ̀ náà kéde pé àwa ará Nàìjíríà, pẹ̀lú àwọn ará Gánà, Íńdíà, Pakistan àti Bangladesh, gbọ́dọ̀ gba físà kí a tó gbéra nílé. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè tí wọ́n ń bi ọkọ mi ní Heathrow ti wá bá wa dé iwájú ilé wa ní Ìbàdàn.

Táyé, ọmọ mi obìnrin, bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2014. Ní ọdún 2017 ó lóyún, oyún náà sì bàjẹ́ nígbà tí ó ti wọ oṣù keje. Èmi wà ní Ìbàdàn, ó wà lọ́hùn-ún, orí fóònù ni a ti jọ sunkún. Nígbà tí ó tún lóyún ní ọdún 2018, ó pè mí ní òru ọjọ́ kan, ó ní, "Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ dá nìkan wà lọ́tẹ̀ yìí." Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, ẹ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí inú ìyá. Mo ní n óò wá. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé Ìwó ni mo fẹ́ lọ.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Owó ìfẹ̀yìntì mi nígbà náà jẹ́ ₦38,000 lóṣù, mo sì ń gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé méjì, mo tún ń ta ìwé àti bírò nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ilé. Gbogbo ohun tí ó wà nínú àkáǹtì mi kò tó ₦420,000. Ẹnì kan júwe ajẹ́ẹ̀ńtì kan fún mi, ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ó mú stéètìmẹ́ǹtì báńkì mi, ó wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀, ó ní, "Màmá, pẹ̀lú owó yìí, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ lọ." Ó ní òun mọ ẹni tí yóò kó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà sínú àkáǹtì mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, a óò tẹ stéètìmẹ́ǹtì jáde, olówó yóò sì kó owó rẹ̀ padà. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦300,000. Ó ní gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣe é.

Kẹ́hìndé ọmọ mi ọkùnrin, tí ó ń gbé ní Abẹ́òkúta, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ nà mí nítorí ẹ̀pà." Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje, ó bu ẹ̀pà ìyá ẹlẹ́pà kan, ó sì ní òun kò bu ú. Mo nà án nítorí irọ́ náà ju ti ẹ̀pà lọ. Mo ní kí ó dákẹ́, pé kì í ṣe ọmọ tirẹ̀ ni ó fẹ́ bímọ nílẹ̀ àjèjì. Ó dákẹ́. Mo gba owó náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ lọ sí Èkó, a ṣe ìṣọ́ òru. Pásítọ̀ wa ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìwé tí ó fẹ́ kí Olúwa dá sí gbé e sókè. Ìwé ìrìnnà pọ̀ níbẹ̀ bí ewé. Bàbá gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí òtítọ́ tí ó wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó ni í. Gbogbo ìjọ ké Àmín. Tèmi há mi lọ́fun. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn mi má baà fura. Mo rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti dúró ní ibi tí mo dúró sí ní òru ọjọ́ yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í jẹ́rìí rẹ̀ ní gbangba.

Ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé, wọ́n ní kí n tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lórí ẹ̀rọ. Àtàǹpàkò mi ọ̀tún kò hàn; ṣọ́ọ̀kì àti ọṣẹ ti họ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọbìnrin tí ó ń ṣe é fi sùúrù nù ún fún mi, ó ní, "Ẹ tún un tẹ̀, Màmá," títí ó fi gbà. Wọ́n yà mí ní fọ́tò. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé ìrìnnà mi padà dé pẹ̀lú lẹ́tà kan.

Wọ́n kọ̀ fún mi. Mo ka lẹ́tà náà tó ìgbà mẹ́wàá. Kò bú mi, kò sì pè mí ní òpùrọ́. Ìṣirò ni ó ṣe. Ó ní owó ìfẹ̀yìntì kékeré ni ó ń wọlé lóṣooṣù, lẹ́yìn náà ni mílíọ̀nù mẹ́ta náírà wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n kò sì ṣàlàyé ibi tí ó ti wá. Ó ní nítorí náà kò dá òun lójú pé tèmi ni owó náà, kò sì dá òun lójú pé n óò kúrò ní ilẹ̀ wọn nígbà tí àbẹ̀wò mi bá parí. Ẹni tí kò rí mi rí, tí ó jókòó sí ibì kan tí n kò mọ̀, ka àkáǹtì mi bí mo ṣe máa ń ka ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n jí ara wọn wò. Ìdáhùn kan ṣoṣo nínú gbogbo iṣẹ́ náà ni kò jọ ọwọ́ ẹni tí ó kọ ọ́.

Mo béèrè bóyá a lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọ́n ní kò sí i mọ́. Láti oṣù kẹfà ọdún 2013 ni ìjọba wọn ti mú ẹ̀tọ́ yẹn kúrò fún ẹni tí ó fẹ́ wá kí ẹbí rẹ̀. Kí ènìyàn tún kọ ìwé tuntun, kí ó sì tún san owó tuntun, ni ó kù. Ajẹ́ẹ̀ńtì gba ₦300,000 rẹ̀ pé pérépéré. Ó tún ní ìmọ̀ràn mìíràn: kí n ṣe ìwé ìrìnnà tuntun, kí a yí orúkọ mi padà díẹ̀, kí n sì sọ pé wọn kò kọ̀ fún mi rí. Mo rántí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí mo tẹ̀. Orúkọ wo ni a fẹ́ fún àtàǹpàkò? Lẹ́yìn náà ni agbẹjọ́rò kan nínú ìjọ wa sọ fún mi pé ẹni tí wọ́n bá ká ayédèrú ìwé tàbí irọ́ mọ́ lọ́wọ́, òfin wọn lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún 10. Ọmọ ọdún 64 ni mí nígbà náà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Táyé bímọ ní oṣù kọkànlá ọdún 2018 láìsí èmi níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ púpọ̀, ó sì lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ilé ìwòsàn. Olúwa dá ẹ̀mí òun àti ọmọ sí, ògo ni fún orúkọ Rẹ̀. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọkọ rẹ̀ bí a ṣe ń wẹ ọmọ. Mo ń sọ pé, "Ẹ fi ọwọ́ òsì gbé e lórí, ẹ má jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́ létí," ọkùnrin náà sì ń gbọ̀n bí ewé. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni títí di òní pé nígbàkígbà tí mo bá pa fóònù náà, owó ajẹ́ẹ̀ńtì ni mo máa ń rántí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2019, Kẹ́hìndé wá jókòó tì mí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀, a sì kọ ìwé náà fúnra wa. A dé ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá orílẹ̀-èdè kan ti kọ̀ láti fún mi ní físà rí. A kọ bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà pé mílíọ̀nù mẹ́ta ti ọjọ́sí kì í ṣe tèmi, pé mo yá a kí àkáǹtì mi lè dára lójú wọn, pé kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì. Ẹ̀rù ba Kẹ́hìndé. Agbẹjọ́rò wa náà kò fi dá mi lójú pé yóò yọrí sí rere. Ó ní ẹni tí ó sọ irú rẹ̀ lè forí gbá a, ẹni tí ó sì fi í pamọ́ lè forí gbá èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò ní sọ fún yín pé òtítọ́ kò léwu.

Ohun tí ajẹ́ẹ̀ńtì kò sọ fún mi ni pé òfin wọn kò ní kí àlejò jẹ́ olówó. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ mọ̀ ni bí ẹni náà yóò ṣe jẹun, ibi tí yóò sùn, ẹni tí yóò san owó ọkọ̀, àti bóyá gbogbo rẹ̀ bá ìgbésí ayé rẹ̀ mu. Ẹbí tí ó ń gbé níbẹ̀ lọ́nà tí ó bófin mu lè gbé ìnáwó náà bí agbára rẹ̀ bá tó o. Nítorí náà, ọkọ Táyé fi ìwé owó oṣù rẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú stéètìmẹ́ǹtì báńkì tirẹ̀, ìwé ilé tí wọ́n ń gbé, àti ìwé ìgbélùú wọn. Táyé fi ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ náà sí i, ó sì kọ lẹ́tà pé ìyá òun ni mí. Èmi fi stéètìmẹ́ǹtì tèmi sí i bí ó ti rí, pẹ̀lú ₦38,000 rẹ̀ lóṣooṣù.

Àwọn kan ní kí n má ṣe dárúkọ ìtọ́jú ọmọ rárá, kí n ní mo fẹ́ wo ààfin ọba. Wọ́n ní bí mo bá sọ pé mo fẹ́ wẹ ọmọ, wọn yóò ní iṣẹ́ ni mo wá ṣe. Lóòótọ́, àlejò kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà wọn gbà kí mọ̀lẹ́bí wá fún ìgbà díẹ̀ láti bá ẹbí rẹ̀ tọ́jú ọmọ, bí kò bá ti di iṣẹ́ ọmọ-títọ́ tí wọ́n gbà á sí. Ìyá àgbà ni mo kọ pé mo jẹ́, ọmọ-ọmọ mi ni mo sì fẹ́ lọ rí.

Nínú gbogbo ìbéèrè wọn, ọ̀kan bí mi nínú: kí ni yóò mú mi padà wálé? Mo ní, ṣé èmi ni n óò fi ilé mi sílẹ̀ lọ kú sínú òtútù? Kẹ́hìndé ní, "Màmá, ẹni tí ó fẹ́ kà á kò mọ̀ yín rí. Ẹ sọ fún un." Mo mú bírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Mo kọ ìyá ọkọ mi, ẹni ọdún 91, tí kì í mu ẹ̀kọ bí kì í bá ṣe èmi ni mo pò ó. Mo kọ ilé tí ọkọ mi kọ́ kù tí mo ń parí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo kọ àwọn ayálégbé, ṣọ́ọ̀bù, àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ hàn níbẹ̀ kí owó má baà dúró. Mo kọ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Mo kọ sàréè ọkọ mi tí ó wà lẹ́yìn ilé. Kẹ́hìndé ní kí n yọ sàréè kúrò, pé kò sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Mo yọ ọ́. Ó ní kí n yọ ẹ̀kọ náà. Mo yọ ọ́. Ohun tí ó kù ni ìwé ilé, ìwé àdéhùn àwọn ayálégbé, rìsíìtì owó orí ṣọ́ọ̀bù àti lẹ́tà ìfẹ̀yìntì. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ń fa ènìyàn wálé, ọ̀tọ̀ ni èyí tí a lè fi ìwé rẹ̀ hàn. Ìbínú mi sì ti lọ, nítorí pé n kò tíì jókòó ka ohun tí mo ní rí láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Mo ti ń fi owó olówó ṣe ara mi lóge, bẹ́ẹ̀ ni n kò ṣàìní.

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, ìwé dé. Nígbà yẹn, lílẹ̀ ni wọ́n ń lẹ físà mọ́ inú ìwé ìrìnnà. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún mi. Kẹ́hìndé kò sọ ohunkóhun. Ó jáde, ó padà wọlé, ó sì gbé ẹ̀pà tí wọ́n dì sínú bébà síwájú mi.

Mo lọ ní oṣù kẹfà. Obìnrin aṣọ́bodè ní Heathrow bi mí ní ohun mẹ́ta péré: ọ̀dọ̀ ta ni mo ń lọ, kí ni mo wá ṣe, ìgbà wo ni n óò padà. Ohun tí ó wà nínú ìwé ni mo sọ, n kò sì ní láti rántí ohunkóhun. Mo kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi dání pẹ̀lú lẹ́tà dókítà, mo sì ra ìwé adójútòfò ìrìnàjò, nítorí pé bí àlejò bá dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn ìjọba wọn ní England, owó tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lè tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ iye tí ìtọ́jú náà ń ná ìjọba. Ẹ má ṣe fojú kéré èyí, ẹ̀yin àgbà.

Ọmọ oṣù méje ni ọmọ náà nígbà tí mo dé Peckham. Ọmọ oṣù méje kì í ṣe ìkókó mọ́. Ó wò mí bí àlejò, ó sì ké. Mo da omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ sínú ọpọ́n, mo fi òrí pa á lára, mo nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀. Ó pariwo, ó sì fẹsẹ̀ ta omi náà sí gbogbo ilé. Táyé dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu ojú.

Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá, tí mo ń dì ẹrù mi, Táyé ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí a fi oṣù mẹ́rin kún un. Ta ni yóò mọ̀?" Owó tí wọ́n ń san níbẹ̀ láti bá ènìyàn tọ́jú ọmọ pọ̀, ó sì fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. N kò lè sọ pé kò ní ìdí. Mo sọ fún un pé mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé n óò padà, àti pé ìyá bàbá rẹ̀ ń dúró dè mí. Ó ní, "Ẹ fẹ́ràn ìwé ju ọmọ lọ." Kò sìn mí dé pápákọ̀ òfurufú, ọkọ rẹ̀ ni ó gbé mi lọ. Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó, n kò fi oúnjẹ kan ẹnu. Mo mọ ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún, tí ó sì dúró kọjá àkókò tí wọ́n fún un. Ìgbà tí ó padà wálé, tí ó tún béèrè físà, wọ́n kọ̀ fún un. Kò tíì rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè, nǹkan ti yí padà díẹ̀ láti ìgbà tèmi. Owó físà oṣù mẹ́fà ti di £127 ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ìwé ìrìnnà tiwa náà gbówó lórí ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn: ₦100,000 fún ti ọdún 5, ₦200,000 fún ti ọdún 10. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ ìbí yín lórí NIN dáadáa. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìwé ìrìnnà tuntun, oṣù tí wọ́n kọ fún mi níbẹ̀ kò bá ti ìwé ẹ̀rí ọjọ́ orí mi mu, àtúnṣe rẹ̀ sì gba mí ní sùúrù ju físà lọ. Ẹ má ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú kí físà tó jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun fẹ́ kó owó sínú àkáǹtì yín, ẹ wá bá mi.

Ní ọdún 2023 mo tún béèrè, mo sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan rí, àti pé mo lọ lẹ́ẹ̀kan, mo sì padà kí ọjọ́ mi tó pé. Wọ́n fún mi. Mo jáde sí ẹnu ọ̀nà Heathrow pẹ̀lú àpótí mi àti àpò gààrí kan. Táyé wà níbẹ̀. Láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn náà, ọmọdékùnrin kan jáwọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ń sáré bọ̀ wá bá mi.